Oorun Tí Mi Ò Fún Télọ̀ Àgọ́-Ìwòyè

Tí ẹ bá dé Japara ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ ń bèèrè Ráfátù, wọ́n á bi yín pé Ráfátù wo, nítorí orúkọ náà pọ̀ ládùúgbò wa. Àmọ́ tí ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà pé ilé Ìyá Amúnisùn lẹ̀ ń lọ, kò ní bi yín ní ìbéèrè kejì, ẹnu ọ̀nà mi ló máa já yín sí. Ó tiẹ̀ lè sọ fún yín lójú ọ̀nà pé èmi ni mo mú ìyá òun sùn nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń mú aláìsàn sùn kí dókítà tó fi abẹ kàn án, tó sì ń jí i padà nígbà tí wọ́n bá rán ojú ibẹ̀ tán.

Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àṣejáde máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nírọ̀lẹ́. Wọ́n á ní, "Ìyá, iṣẹ́ wo ló dáa ká kọ́?" Mi ò mọ iṣẹ́ tó dáa fún ọmọ ọlọ́mọ. Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀. Èyí tí mo ṣe yẹn ni mo fẹ́ sọ, kí kálukú mú ohun tó bá wúlò fún un níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan nílùú wa níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi, mo nà án. Owó oṣù ń wọlé, a jẹ, a mu, àwọn ọmọ kàwé. Alhamdulillahi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ oorun ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀gá Ṣóbándé ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ń dẹ́rù bà wá ju igbe àwọn ọ̀gá yòókù lọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ tíátà, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, mo rò pé yóò fi oògùn hàn mí. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ráfátù, gun orí tábìlì."

Mo ní, "Tábìlì wo, sà?"

"Èyí tí àwọn aláìsàn ń sùn sí. Gùn ún."

Mo gùn ún. Ó ní kí n na apá mi méjèèjì, ó fi okùn dè wọ́n bí a ṣe ń de ti aláìsàn. Ó tan iná ńlá tó wà lókè sójú mi, ó sì jáde. Tábìlì yẹn tutù! Ẹnì kan ń to irin iṣẹ́ lẹ́yìn orí mi, mò ń gbọ́ bí irin ṣe ń kan irin, mi ò sì lè yíjú wò ó. Nígbà tó yá ni Ọ̀gá wọlé padà.

"Kí lo rí?"

"Iná, sà."

"Kí lo gbọ́?"

"Irin ni mo gbọ́, sà."

"Kí lo ń fẹ́?"

Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Mo fẹ́ kí ẹnì kan di ọwọ́ mi mú, sà."

Ó tú okùn náà. Ó ní, "Kí o tó gbé oògùn, di ọwọ́ wọn mú. Lọ fọ ojú rẹ, ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó ń ké pín-ìn pín-ìn létí èèyàn. Oògùn kan wà tó ń rùn gan-an, ítà lorúkọ rẹ̀. A máa ń kán an díẹ̀díẹ̀ sórí aṣọ tí a fi bo imú aláìsàn, títí oorun yóò fi gbé e lọ. Òórùn rẹ̀ máa ń bá mi délé. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, ewúrẹ́ á sùn. Ìka mi ni ẹ̀rọ nígbà yẹn. Ọ̀gá á ní kí n fi ìka méjì sí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn, níbi tí iṣan ti ń lù, mi ò sì gbọdọ̀ gbé e kúrò títí iṣẹ́ á fi parí. Á dédé bi mí pé, "Báwo ni?"

Tí mo bá ní, "Ó dáa, sà," inú á bí i.

"Ó dáa kì í ṣe ìdáhùn. Báwo ni iṣan ṣe ń lù? Báwo ni èémí ṣe ń wọlé? Kí ni àwọ̀ ètè rẹ̀?"

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá ń rọ̀, mo yíjú wo fèrèsé. Kò ju kí ojú ṣẹ́ lọ. Ọ̀gá rọra mú ọwọ́ mi kúrò lọ́rùn aláìsàn náà, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí n jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, aṣọ ìbòmú nìkan ni mò ń fọ̀. Nígbà tó gbà mí padà, gbólóhùn kan ló sọ: "Ẹni tó ń múni sùn kì í sùn, kì í sì í wo òjò." Mi ò wo òjò mọ́ nínú tíátà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Jímọ̀ ṣẹlẹ̀. Apẹja ni Jímọ̀, ọmọ Ìwòpin lẹ́bàá ọ̀sà ni. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e wá, inú ń run ún lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Dókítà Ògúntúgà tó ni ilé ìwòsàn wa, tó jẹ́ géńdé nígbà yẹn, tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó ní apẹ́ńdíìsì ni. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìfun tín-ínrín kan wà tó dà bí ọmọ ìka, tó so mọ́ ìfun ńlá. Tó bá wú, ó máa ń dunni wọra. Tó bá sì bẹ́ sínú ikùn, ẹ̀mí lè bá a lọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ nígbà yẹn pé oògùn kan ṣoṣo ló ní, abẹ ni: kí a gé e sọnù kó tó bẹ́.

Ọ̀gá Ṣóbándé di ọwọ́ Jímọ̀ mú, ó bi í pé, "Ṣé o ti jẹun lónìí?"

"Rárá, sà."

Ó bi ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà ní, "Rárá, sà. Kò fẹnu kan nǹkan kan."

Ìdí tí a fi ń bèèrè ni pé tí wọ́n bá mú èèyàn sùn pẹ̀lú oúnjẹ nínú, oúnjẹ lè gòkè, kó sì gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ náà lọ dáadáa. Dókítà Ògúntúgà fi irin gbé ìfun náà sókè, ó ní, "Ẹ wò ó, kò tíì bẹ́ rárá. Ó kàn wú díẹ̀ ni." A rán ojú ọgbẹ́. Jímọ̀ ti ń jí bọ̀, ó ti ń mira, àfi bó ṣe bì. Ìkọ́kọrẹ́ ni, pẹ̀lú ẹja nínú rẹ̀. Ọ̀gá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá, a fa ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, a ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀. Èyí tó ti wọlé ti wọlé. Ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun Alaasari, Jímọ̀ ti lọ.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ló ní kí ọmọ òun má fi ebi lọ bá abẹ. A rò pé tí a bá sọ, ẹ ò ní tọ́jú rẹ̀."

Mo rò pé Ọ̀gá yóò bá a wí. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó bá wọn gbé òkú náà lọ sí Ìwòpin, ó dúró di ìgbà tí wọ́n sin ín tán. Nígbà tó dé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ráfátù, kì í ṣe àìsàn ló pa ọmọkùnrin yẹn. Oorun wa ló pa á. Ìfun yẹn kò tíì bẹ́."

Mo ní, "Àmọ́ tí a bá fi í sílẹ̀, ó lè bẹ́, sà."

"Ó lè bẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe é. Bí mo bá tún rí irú rẹ̀ lọ́la, màá tún ṣe é. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé oorun kì í ṣe nǹkan kan."

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá kò bi aláìsàn mọ́ pé ṣé ó ti jẹun. Ohun tó ń bèèrè ni pé, "Ọbẹ̀ wo lo fi jẹun òní?" Ẹni tó bá ti jẹun á dárúkọ ọbẹ̀ kó tó rántí purọ́. Mo kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi kọ́ gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, irinṣẹ́ ń yí padà. Ítà lọ, abẹ́rẹ́ tí à ń gún sínú iṣan dé. Ẹ̀rọ kékeré kan dé tí à ń fi há ìka aláìsàn, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, Ọ̀gá fi í há ìka ara rẹ̀, ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi wá nìyí." Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn wọ́pọ̀, èyí tí à ń gún sí àárín egungun ẹ̀yìn, tí ìsàlẹ̀ ara á kú tipiri, tí aláìsàn á sì máa bá wa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí àgọ́ àwọn tó sá ogun wá ṣì wà ní Òrù, a máa ń gba aláìsàn tí a kò gbọ́ èdè ara wa rárá. Ọwọ́ tí mo bá dì mú nìkan lọ̀rọ̀ tí a jọ ń sọ. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, ìgbà tó sì yá, ó padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Dókítà Háwáù dé nígbà tí irun Dókítà Ògúntúgà ti funfun. Ọmọ oníṣòwò pákó ní Òrù ni Háwáù, ó kàwé gboyè, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá, ó sì padà wá sílé. Ẹni kékeré ni, ìbòrí rẹ̀ máa ń bá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mu, ó sì yára lọ́wọ́. Àwọn kan láàárín wa kọ́kọ́ ń fojú ọmọdé wò ó. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti rí i tó ń di ọwọ́ aláìsàn mú láìjẹ́ pé ẹnì kankan kọ́ ọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá já Ṣẹ̀rífátù sí ẹnu ọ̀nà wa láti Àgọ́-Ìwòyè. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì tó ń ránṣọ fún ló gbé e wá. Télọ̀ ni Ṣẹ̀rífátù, ìbejì ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì kéré lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àtikékeré ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́, tó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá òsì pọ̀. Inú rírun náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdodo, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀tún. Ó ń bì.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bi í pé, "Ọbẹ̀ wo lo fi jẹun òní?"

Ó lajú wò mí. "Ìyá, ṣé ẹni tó ń bì ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yan ọbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí. Òtútù ti mú un láyà, èémí rẹ̀ kúrú, àyà rẹ̀ sì ń dún bó ṣe ń mí. Mo fi ọwọ́ tọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí àlàfo tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò ṣeé ṣe. Oorun gidi nìkan ló kù, irú àyà bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì fẹ́ mú sùn.

Mo lọ bá àwọn dókítà méjèèjì ní ọ́fíìsì. Dókítà Ògúntúgà ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Apẹ́ńdíìsì ni, Sístà. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kó tó bẹ́."

Mo ní, "Dókítà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé tí mo bá mú un sùn, màá jí i."

Ó dáwọ́ aṣọ kíká dúró. Láti ọjọ́ tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, nígbà náà."

Háwáù ní, "Mo ti pe ọ̀gá mi níbẹ̀, sà. Wọ́n ní ibùsùn tó ní ẹ̀rọ amúnimí ti kún. Wọ́n ní tó bá le, ká gbé e wá, wọ́n á wá àyè. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn náà máa kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín." Ó gbé àwòrán síkáànù inú Ṣẹ̀rífátù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà síwájú Dókítà Ògúntúgà. "Ó wú, kò bẹ́. Kò sí òkúta tó há sí i, kò sí ọyún ní àyíká rẹ̀. Irú èyí ni wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò wò báyìí, sà. A máa fi sínú iṣan fún un, ká sì máa ṣọ́ ọ."

Dókítà Ògúntúgà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Háwáù, àtọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, abẹ ni oògùn apẹ́ńdíìsì. Àwọn tó fi kápúsù tọ́jú ara wọn nílé, èmi ni mò ń wẹ ikùn wọn nígbà tó bá bẹ́. Tí eléyìí náà bá bẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn wọ̀nyẹn dá wà nílé ni, sà. Eléyìí, ojú wa ló máa wà." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Tó bá fẹ́ bẹ́, ara rẹ̀ á sọ fún wa. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ bẹ̀, sà. Kò sí ẹni tó mọ ikùn tẹ̀ bíi tiyín. Ẹ bá mi máa tẹ̀ ẹ́ wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí ẹ bá ní ká wọ tíátà, mi ò ní jiyàn."

Ọkùnrin náà wo àwòrán yẹn, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Ẹ tún tíátà ṣe sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn yín."

Háwáù kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún Ṣẹ̀rífátù. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ní oògùn náà lè ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́. Ó ní bó bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, àìsàn náà lè padà wá lọ́jọ́ mìíràn, nítorí ìfun náà á ṣì wà níbẹ̀. Ó ní bó bá le sí i, a máa ṣiṣẹ́ abẹ pẹ̀lú gbogbo ewu tó wà níbẹ̀.

Ṣẹ̀rífátù yíjú sí mi. "Ìyá, tó bá jẹ́ èmi ni ọmọ yín, èwo lẹ máa mú?"

Mo ní, "Màá ní ká kọ́kọ́ dúró ná."

Ó mí díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Aṣọ tí a bá ti gé, kì í padà di odindi ìgàn mọ́. Ẹ má tíì gé."

A bẹ̀rẹ̀. Oògùn ń kán sínú iṣan rẹ̀, mo jókòó tì í. Dókítà Ògúntúgà á wọlé, á fi ọwọ́ rẹ̀ ra ara wọn kó lè gbóná, á tẹ ikùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á wo ojú Ṣẹ̀rífátù bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, á sì jáde. Lọ́sàn-án, ibà ga sí i. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ìbejì rẹ̀. Mo fi ìka méjì sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ wà ní ìka rẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fọwọ́ ara mi mọ̀. Iṣan rẹ̀ ń sáré.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Dókítà Ògúntúgà ti fọ ọwọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Sístà, ẹ múra."

Mo dìde. Mò ń ronú oògùn tí màá fún un, bí màá ṣe gbé orí rẹ̀, ohun tí màá ṣe bí èémí bá kọ̀. Mò ń pe Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n.

Háwáù ti ṣe ìlérí pé òun kò ní jiyàn, kò sì jiyàn. Ohun tó sọ ni pé, "Sà, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó gbé e."

Ó wá, ó tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó tẹ apá ọ̀tún, ó tẹ apá òsì, ó ní kí Ṣẹ̀rífátù wúkọ́, ó ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ikùn kò le. Ó rọ̀ ju ti ọ̀sán lọ. Ibà nìkan ni kò tíì gbọ́." Ó wo Háwáù. "Ẹ jẹ́ ká fún oògùn yín láyè di àárọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí akin. Mo ti rí dókítà tó fi iná tọ́ọ̀ṣì yọ ọmọ nínú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun tó wú mi lórí tó ti ọkùnrin yẹn, tó fẹ́ràn abẹ bí ọdẹ ṣe fẹ́ràn ìbọn, tó ti fọ ọwọ́ tán, tó sì tún sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ nítorí òótọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un. Ó gbé àga wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò relé.

Nígbà tí mo ṣe ìrun àárọ̀ tán tí mo wọlé, òógùn ti bo Ṣẹ̀rífátù, aṣọ ibùsùn tutù rinrin. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó tutù. Ó lajú.

"Ìyá."

"Ọmọ mi, kí ló dé?"

"Ebi ń pa mí."

Mo sáré jáde bí ọmọdé. Dókítà Ògúntúgà ń tòògbé lórí àga. Mo ní, "Dókítà, ó ní ebi ń pa òun!" Ó fò dìde, ó lọ tẹ ikùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó pe Háwáù síwájú gbogbo àwa nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó kọ́ mi ní nǹkan tuntun lẹ́yìn tí mo ti darúgbó nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má pè é lọ́mọdé níhìn-ín mọ́." Háwáù, tí kò bẹ̀rù nígbà tí ọ̀rọ̀ le, orí ìkúnlẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

Ṣẹ̀rífátù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògì, ó lo oògùn rẹ̀ pé, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ẹni tí a fi oògùn wò lẹ́yìn rẹ̀ ló bọ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí tirẹ̀ padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. A mú un sùn, wọ́n gé e, ó gbádùn. Awakọ̀ kan wà tó gbọ́ pé oògùn ń wo apẹ́ńdíìsì, tó lọ ra kápúsù nílé ìtajà oògùn, tó wá ń mu ún nílé. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó ti bẹ́, agbára káká la fi rí i gbà là. Nítorí náà, ẹni tí inú bá ń run lápá ọ̀tún, kó lọ sílé ìwòsàn, kí dókítà sọ èyí tó bá yẹ ẹ́. Àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé abẹ náà ló yẹ wọ́n, kíákíá.

Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké máa ń bi mí bóyá ẹ̀rù kò bà mí pé oògùn á gba iṣẹ́ wa. Rárá o. Iṣẹ́ oorun pọ̀ lọ́jọ́ iwájú ju bó ṣe wà látẹ̀yìn lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wá iṣẹ́ tí wọ́n á ti rí ẹni tí wọ́n lè bu ọlá fún nídìí rẹ̀. Mo rí Ọ̀gá Ṣóbándé. Mo rí Ògúntúgà àti Háwáù. Ẹni tó bá rí mẹ́ta nínú ayé kan, ó ti jèrè.

Lóṣù tó kọjá, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi níbí, mò ń yan gàrí, nígbà tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró. Ṣẹ̀rífátù ló sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ìbejì rẹ̀ tó ti ga jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde. Ó ní òun wá dúpẹ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, o ti dúpẹ́ lọ́jọ́ tó o lọ sílé. Kí sì ni mo ṣe gan-an? Dókítà Háwáù ló mọ oògùn, Dókítà Ògúntúgà ló tẹ ikùn. Ẹlòmíì, mo mú un sùn, mo jí i. Ìwọ, mi ò ṣe nǹkan kan fún ẹ."

Ó yí padà sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ìyá yìí ni gbogbo ilé ìwòsàn ń dúró dè kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ wọn, ni wọ́n bá lọ sọ fún àwọn dókítà pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀. Ohun tí wọn ò ṣe yẹn ni mo ní kí ẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún."

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Màmi, obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀." Wọ́n kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gàrí sì ń jó nínú agbada, mi ò dìde láti rò ó.